Aṣọ Tútù Lórí Kọ́ìlì

Ọkọ̀ Arvo Kantola kì í ṣàdédé kú síbi tó bá ṣáà ti wù ú. Gbogbo wa la mọ ibi tó máa kú sí. Á rìn dáadáa láti ẹnu ọ̀nà ilé rẹ̀, á kọjá ilé ìwé, á kọjá ibi tí àwọn bàbá wa ti wa bàbà títí bàbà fi tán, tó bá ti tó ogún máìlì, lẹ́gbẹ̀ẹ́ adágún, á wúkọ́ lẹ́ẹ̀mejì, á dákẹ́. Kọ́ìlì ni. Agolo kékeré tó ń rán iná sí púlọ́ọ̀gì ni, kò ju àtẹ́lẹwọ́ lọ. Bó bá tutù, ara rẹ̀ á yá. Bó bá gbóná, iná ò ní jáde mọ́. Ẹ ó ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, ẹ ó rẹ aṣọ sínú omi, ẹ ó fi bò ó, ẹ ó dúró bí ogún ìṣẹ́jú. Á tún jí, bí ẹni pé kò sí nǹkan kan tó ṣe é.

Ọdún mọ́kànlá ni Arvo àti Saima, ìyàwó rẹ̀, fi ń dúró níbẹ̀. Saima a máa jókòó sórí òkúta kan lẹ́bàá omi, a máa bó ẹyin sísè. Èmi ni mo ń tún ọkọ̀ wọn ṣe, mo sì bẹ̀ wọ́n títí pé kí n pààrọ̀ kọ́ìlì náà. Saima ni kì í gbà.

"Reino, fi í sílẹ̀ o. Ibẹ̀ nìkan ni ọkọ mi ti máa ń sọ̀rọ̀."

Òótọ́ ló sọ. Àwa ọkùnrin apá ibí, a lè jókòó nínú ilé ìwẹ̀ olóoru fún odidi wákàtí kan, ká má sọ ju "ó gbóná" lọ. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ mọ́ ẹ́ńjìnnì, kí ojú wa wà lára irin, kó má sí lójú ẹnikẹ́ni, ẹ ó gbọ́ ohun tó wà nínú wa.

Saima kú lọ́dún mẹ́ta sẹ́yìn. Lempi, ọmọ wọn kan ṣoṣo, tó ń gbé lọ́nà jíjìn ní Arizona, dé ní ọjọ́ kejì ikú. Arvo ò pè é lásìkò, ó rò pé ikọ́ lásán ló ń ṣe Saima. Lempi ò béèrè, Arvo náà ò sọ. Láti ìgbà náà, káàdì Kérésìmesì nìkan ló ń lọ tó ń bọ̀ láàárín wọn.

Nígbà tí Lempi kọ̀wé pé òun ń bọ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta, Arvo gbé ọkọ̀ wá, ó ní kí n fi kọ́ìlì tuntun sí i, kí ojú má bàa ti òun. Mo fi sí i. Ní àárọ̀ ọjọ́ kẹta tí Lempi dé, Arvo tún gbé ọkọ̀ náà wá.

"Yọ ọ́."

"Yọ kí ni?"

"Kọ́ìlì tuntun. Dá ti àtijọ́ padà síbẹ̀."

"Arvo, ṣé orí ẹ pé? Mo ti jù ú nù."

"Irọ́! Ìwọ tí táyà kẹ̀kẹ́ bàbá rẹ ṣì wà lókè àjà?"

Ó rí mi mú. Inú agolo bisikíìtì lábẹ́ tábìlì ni mo tọ́jú rẹ̀ sí.

Arvo ń wo bàtà ara rẹ̀. "Ọmọ náà ti lo ọjọ́ mẹ́ta. A jẹ ẹja, a jẹ páì ẹlẹ́ran. Ó ní páì náà dùn. Èmi náà ní ó dùn. Aago mẹ́ta òní ni ọkọ̀ òfurufú rẹ̀ ń gbéra. Reino, mo ní ọ̀rọ̀ kan láti bá a sọ, ẹnu mi ò sì là nínú ilé."

"Sọ ọ́ nínú ọkọ̀ tẹ́ ẹ bá ń lọ."

"Nínú ọkọ̀ tó ń rìn? Ta ló ń sọ̀rọ̀ nínú ọkọ̀ tó ń rìn?"

Mo fi ti àtijọ́ sí i. A jọ fẹnu kò pé bí kò bá tíì fi tẹlifóònù pè mí láti pápákọ̀ òfurufú ní aago kan, kí n máa gbé tuntun bọ̀.

Aago kan lù. Tẹlifóònù ò dún. Mo mú sípánà, mo mú kọ́ìlì, mo wa ọkọ̀ mi lọ síbi adágún. Láti òkèèrè ni mo ti rí bọ́nẹ́ẹ̀tì tó ṣí sílẹ̀ àti ẹ̀yìn àwọn méjèèjì tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sábẹ́ rẹ̀. Mo pa ọkọ̀ mi, mo fẹsẹ̀ rìn dé ọ̀dọ̀ wọn. Arvo ló ń sọ̀rọ̀.

"Ìyá rẹ ń béèrè rẹ. Mo ní lọ́la ni n ó pè ọ́. Mo gbé tẹlifóònù, mo tún gbé e kalẹ̀. Mo ní kí n má dáyà já ọ. Mo ní lọ́la."

Lempi fọwọ́ tún aṣọ tútù orí kọ́ìlì ṣe.

"Mo mọ̀, Bàbá. Nọ́ọ̀sì tó tọ́jú Màmá ti sọ fún mi lọ́jọ́ ìsìnkú. Ẹnu yín ni mo ń retí àtigbọ́ ọ."

Arvo fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu imú. Gìrísì wà ní ọwọ́ náà, ó sì wá wà ní imú rẹ̀. Mo wúkọ́ kí wọ́n lè mọ̀ pé mo wà níbẹ̀.

"Lempi, mo mú kọ́ìlì tuntun wá. Ìṣẹ́jú márùn-ún péré, wàá ṣì bá ọkọ̀ òfurufú rẹ."

Lempi wo ohun tó wà lọ́wọ́ mi. "Áńkù Reino, àná ni mo wa ọkọ̀ yìí gba ibí kọjá, tí mo lọ kí ọ̀rẹ́ mi. Kò kú."

Arvo ń wo bátìrì bí ẹni pé kò rí bátìrì rí.

Mo na ọwọ́, mo fi kan kọ́ìlì àtijọ́ náà. Ó tutù nini. Ó ti pẹ́ tó ti tutù, bí wọ́n bá yí kọ́kọ́rọ́ báyìí, á jí. Lempi rí ọwọ́ mi. Ó mú aṣọ náà kúrò, ó rì í bọnú ike omi, ó fún un, ó sì tún rọra tẹ́ ẹ lé kọ́ìlì.

"Ó ṣì gbóná, Áńkù. Ẹ lọ jókòó nínú ọkọ̀ yín."

"Ó gbóná dáadáa," ni Arvo wí.

Mo lọ jókòó. Aago mẹ́ta kọjá díẹ̀, ọkọ̀ òfurufú kan fò kọjá lókè adágún, kò sí ẹni tó gbójú sókè nínú wọn. Wọ́n ṣì bẹ̀rẹ̀ síbẹ̀, Arvo lápá kan, Lempi lápá kejì, wọ́n sì fi àyè tó gba Saima sílẹ̀ láàárín.