Fìlà Bàbá Dípẹ̀olú

Orí Bàbá Dípẹ̀olú tóbi bí ilẹ̀kùn lára aṣọ funfun tí wọ́n ta fún fíìmù. Irùngbọ̀n funfun, aṣọ funfun, ògiri ṣọ́ọ̀ṣì funfun. Ojú rẹ̀ nìkan ló dúdú láàárín wọn, ó ń wo ọ̀nà. Àwọn ọmọdé ń pariwo orúkọ rẹ̀, àwọn ìyá ìjọ ń pàtẹ́wọ́. Bàbá gan-an jókòó sórí bẹ́ǹṣì kejì, fìlà rẹ̀ wà lórí eékún.

Ọ̀sán ọjọ́ Àìkú ni. Ìsìn ti parí, wọ́n ti fi ìró bo fèrèsé kí oòrùn má bàa wọlé, ṣùgbọ́n oòrùn Ìmẹ̀sí kì í gbọ́ràn. Ó gba ara òdòdó ìró wọlé, ó ń kun àwọn ènìyàn ní pupa, ó ń kùn wọ́n ní àwọ̀ ewé. Jẹnẹrétọ̀ ń kùn níta. Gúgúrú ń ti ọwọ́ bọ́ sí ọwọ́. Fíìmù tí ẹgbẹ́ akọrin fúnra wọn ṣe ni wọ́n ń wò, ìtàn ọmọ tó gba ogún lọ tó sì fi òṣì padà wálé. Bàbá Dípẹ̀olú, káfíńtà ìjọ, ló ṣe baba nínú rẹ̀. Irùngbọ̀n yẹn ló gba iṣẹ́ náà fún un.

Ayọ̀ Bàbá ìbá kún, bí kì í bá ṣe ti ẹni tó wà lórí bẹ́ǹṣì ìkẹyìn. Ìyàdúnní ni, àbígbẹ̀yìn rẹ̀. Ọdún kẹrin rèé tó lọ ṣe ìgbéyàwó kóòtù ní Ìlọrin láìsọ fún baba rẹ̀, ẹnu ẹni tó wá ra àga ni Bàbá sì ti gbọ́ ọ. Ẹni tó wá ra àga! Bẹ́ẹ̀ ni pákó ìrókò tó fẹ́ fi kan àpótí ìyàwó fún un ṣì wà ní ṣọ́ọ̀bù di òní. Ọjọ́ yẹn ni Bàbá ní kò gbọdọ̀ tẹ ẹnu ọ̀nà òun mọ́.

Lónìí, ó pọn ọmọ rẹ̀ wá. Ìyá rẹ̀ ló pè é lórí fóònù ní àṣírí, Ìyá sì ń wo àjà báyìí bí ẹni tí kò mọ nǹkan kan. Bàbá rí Ìyàdúnní nígbà tó ń wọlé. Ó yíjú sí pẹpẹ, ó tẹjú mọ́ ọn bí ẹni pé kì í ṣe òun ló kàn án.

Wàyí o, lára aṣọ, ọmọ onínàákúnàá yọ ní ìsàlẹ̀ òkè. Ó ń bọ̀, ó ń wọ́ ẹsẹ̀ bọ̀.

Bàbá mọ ohun tó kù. Lọ́jọ́ tí wọ́n ń ya fíìmù náà, Arábìnrin Dérónkẹ́ tó di kámẹ́rà mú ní kí Bàbá sáré. Bàbá ní ká má rí i. Àgbà kì í sáré lásán. Bí kò bá lé nǹkan, nǹkan ń lé e. Baba tí ọmọ ṣẹ̀, ẹnu ọ̀nà ló ń dúró sí. Ọmọ ló ń bọ̀, ọmọ ló ń dọ̀bálẹ̀, ẹbí ló ń bá a bẹ̀bẹ̀, baba á ṣẹ̀ṣẹ̀ wá mi orí díẹ̀. Dérónkẹ́ ṣí Bíbélì fún un: baba yẹn súré. Ogún ọdún ni Bàbá ti ń kọ́ àwọn ènìyàn ní ìtàn yìí ní ilé ẹ̀kọ́ ọjọ́ ìsinmi, ojú rẹ̀ kò bà lé ọ̀rọ̀ náà rí. Síbẹ̀, ẹ̀ẹ̀mẹfà ni wọ́n yà á, ẹ̀ẹ̀mẹfà ni Bàbá rọra ń rìn bọ̀, bí ẹni tó fẹ́ lọ jẹ oyè.

Ní ẹ̀ẹ̀keje, ọmọkùnrin tó ń ṣe ọmọ náà fẹsẹ̀ kọ gbòǹgbò, ó ṣubú lulẹ̀ gbì. Ìyẹn kò sí nínú eré.

Ẹ wò ó. Ẹ wo Bàbá lára aṣọ. Ó sá, ó sáré, ó sáré gìrì-gìrì. Agbádá fẹ̀, bàtà kan bọ́, fìlà fò, fìlà bọ́ sílẹ̀, Bàbá kò wẹ̀yìn. Ó wólẹ̀ sínú eruku, ó gbá ọmọ náà mọ́ àyà, ó ń gbọn iyanrìn kúrò lórí rẹ̀. Ṣọ́ọ̀ṣì hó yèè. Wọ́n ń rẹ́rìn-ín, wọ́n ń sunkún, wọ́n ń yin Olúwa.

Bàbá náà ń rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà ẹ̀rín dá dúró lẹ́nu rẹ̀. Ọmọ ta nìyí? Ọmọ ọlọ́mọ. Ọmọ ọlọ́mọ ṣubú lẹ́ẹ̀kan péré, Bàbá sáré. Ọmọ tirẹ̀ wà nílẹ̀ fún ọdún mẹ́rin, Bàbá dúró lẹ́nu ọ̀nà. Ṣebí wọ́n ní ọmọ ẹni kì í ṣèdí bẹ̀bẹ̀rẹ̀ ká fi ìlẹ̀kẹ̀ sídìí ọmọ ẹlòmíràn? Ó dùn ún. Ó dùn ún wọ egungun.

Ó tún gbójú sókè wo ara rẹ̀. Inú dígí nìkan ló ti ń rí ojú yẹn, kò sì rí i rí nígbà tó bá ń fẹ́ràn ènìyàn. Ìbínú kankan kò sí níbẹ̀, ìgbéraga kò sí níbẹ̀. Ó yé e wàyí pé bí Ọlọ́run ṣe ń wo òun láti ọjọ́ yìí wá nìyẹn.

Lórí bẹ́ǹṣì ìkẹyìn, ọmọ ẹ̀yìn Ìyàdúnní bú sẹ́kún. Ìyàdúnní dìde, ó tún ọ̀já so, ó ń lọ sí ẹnu ọ̀nà kó má bàa dí àwọn ènìyàn lọ́wọ́. Bó bá jáde, yóò wọkọ̀ ni, ó lè má padà wá mọ́ láyé.

Bàbá Dípẹ̀olú dìde. Fìlà yọ̀ lórí eékún rẹ̀, gúgúrú ẹni ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ dà sílẹ̀ wàràwàrà. Ó sá, ó sáré, ó sáré gìrì-gìrì láàárín bẹ́ǹṣì. Ó gba iwájú ẹ̀rọ tó ń tan àwòrán kọjá, òjìji rẹ̀ sì sáré kọjá lára aṣọ, ó bo Bàbá ti inú fíìmù mọ́lẹ̀. Dérónkẹ́ fọwọ́ méjèèjì di ẹ̀rọ rẹ̀ mú. Ẹnikẹ́ni kò sọ fún Bàbá lónìí pé kó sáré.

Ìyàdúnní fẹ́ kúnlẹ̀. Eékún rẹ̀ kò kan ilẹ̀. Bàbá ti gbá a mọ́ra, òun àti ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀, ó ń pe oríkì rẹ̀, Àbẹ̀kẹ́, Àbẹ̀kẹ́, ó ń pè é léraléra, ọmọ ọwọ́ sì ti dákẹ́, ó ti di irùngbọ̀n mú.

Fìlà kan wà nínú eruku lára aṣọ funfun. Fìlà kan náà wà nílẹ̀ lábẹ́ bẹ́ǹṣì kejì, láàárín gúgúrú. Bàbá kò wẹ̀yìn.