Ìbòjú Tó Sunkún

Kò sí ohun tí wọ́n máa bi Ìwé-ńlá nípa eré orí ìtàgé tí kò ní dáhùn. Eré tí wọn kì í ti í sọ̀rọ̀ ni o, eré tí orin ti ju ọ̀rọ̀ lọ ni o, gbogbo rẹ̀ ló wà lórí ahọ́n rẹ̀. Àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ló sọ ọ́ lórúkọ náà, kì í sì í ṣe ìyìn nìkan. Ẹnu dùn-ún ròfọ́: tó bá dé orí ìtàgé, á dúró gbagidi bí òpó. Ẹ̀ẹ̀mejì ló ti fìdí rẹmi nínú ìdánwò ìbòjú. Tó bá tún kùnà lónìí, ẹrù dilé nìyẹn, nítorí ilé ẹ̀kọ́ eré tó ń lọ ò fàyè gba ìgbà kẹrin.

Iṣẹ́ náà ò gùn. Kó fi ìbòjú onígi kan tí kò rẹ́rìn-ín, tí kò fajú ro, bojú, kó sì ṣe bí ẹni tí èèyàn rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ kú. Kò gbọdọ̀ sọ̀rọ̀.

Ó kẹ̀yìn sáwọn òǹwòran bí òfin ṣe wí, ó de ìbòjú náà mọ́jú, ó yíjú padà. Ó rántí bàbá rẹ̀ tó kú lọ́dún tó kọjá. Omijé dé wàrà-wàrà, ikun dí i nímú. Ọ̀rọ̀ burúkú tòun tẹ̀rín, inú rẹ̀ ń dùn: ọwọ́ òun ti tẹ̀ ẹ́ lónìí! Ó tú ìbòjú, ojú rẹ̀ tutù rinrin.

"Ọmọ mi," ni Màmá wí, ìyẹn olùkọ́ wọn, arúgbó tó ń fi ọ̀pá rìn, "kí lò ń ṣe níbẹ̀ yẹn?"

"Mo ń sunkún ni, mà."

"Ta ló rí ọ? Ẹni tó ń dúró de mọ́tò làwa ń wò o."

Ẹ̀rín bú. Ẹ ò rí nǹkan! Ẹni tó kọ ogójì ojú ìwé lórí ìbòjú ló gbàgbé pé ìbòjú a máa bo ojú.

Màmá fi ọ̀pá lélẹ̀, ó gba igi náà, ó dè é mọ́jú. Ẹsẹ̀ rẹ̀ tó ń gbọ̀n dúró. Ó kàn tẹ ọrùn wálẹ̀ díẹ̀, ó gbé ọwọ́ sókè bí ẹni fẹ́ kanlẹ̀kùn, kò sì kàn án.

Háà! Igi gbígbẹ ń sunkún! Ìwé-ńlá rí i kedere. Òun fúnra rẹ̀ ló kọ ọ́ sínú ìwé pé ara òṣèré ni ojú ìbòjú. Ó kọ ọ́ ni, kò tíì mọ̀ ọ́n.

"Ó yá, gbà," ni Màmá wí. "Àkókò rẹ ò tíì tán."

Ìwé-ńlá tún dè é mọ́jú. Lọ́tẹ̀ yìí, kò wá omijé. Ìyá rẹ̀ ló rántí, lọ́jọ́ tí wọ́n ti ọsibítù tí bàbá kú sí dé. Ìwé-ńlá jókòó bí ìyá rẹ̀ ti jókòó sétí bẹ́ẹ̀dì lọ́jọ́ náà, ó ń ká ṣẹ́ẹ̀tì bàbá rẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò sí ṣẹ́ẹ̀tì kankan níbẹ̀. Ó ká a, ó fọwọ́ nà án, ó tú u, ó tún un ká. Ó ku apá ṣẹ́ẹ̀tì náà kan. Ọwọ́ rẹ̀ kọ̀, kò lè ká a.

Ẹnì kan ń ṣẹ́kún nínú àwọn tó rẹ́rìn-ín.

"O yege," ni Màmá wí. "Lọ jókòó."

Ìwé-ńlá ò lè dìde. Ọdún kan gbáko ló fi bínú sí ìyá rẹ̀ pé kò sunkún bàbá òun.