Ọjọ́ Kọkànlélógójì ní Nara

Ní ọjọ́ kẹtàdínlógún oṣù kẹsàn-án, Sawae, ìyàwó Munakata, kú nílé wọn ní Niigata. Ẹni ọdún mẹ́rìndínláàádọ́rin ni. Ó ń ká aṣọ tó ti gbẹ, ó ní orí ń fọ́ òun, ó fẹ̀yìn ti ògiri, kò sì dìde mọ́.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kọkànlélógójì, ọmọlangidi pupa kan tí kò ní ojú, tí kò ní imú, jókòó sórí àga Sawae nínú bọ́ọ̀sì tó ń kó àwọn arìnrìn-àjò kúrò ní Kyoto lọ sí Nara. Páálí bisikíìtì mẹ́ta wà lábẹ́ rẹ̀. Ìdì tíì láti Kanazawa fara tì í lápá ọ̀tún, ẹ̀fọ́ oníyọ̀ ti Kyoto fara tì í lápá òsì. Sawae ni wọ́n fi gbogbo rẹ̀ ránṣẹ́ sí. Munakata ni wọ́n rán.

Bí ọ̀rọ̀ ṣe dà bẹ́ẹ̀ kò gùn. Lọ́jọ́ tí wọ́n gbéra, Hoshina, ọmọbìnrin tó ń darí ìrìn-àjò náà, dúró lẹ́nu bọ́ọ̀sì, ó ń pe orúkọ.

“Bàbá Munakata, ẹni méjì.”

“Ẹni kan,” ni ọkùnrin náà wí. “Ìyàwó mi kò lè wá.”

Òtítọ́ ni. Àmọ́ ìyá àgbà kan ti yíjú padà láti àga iwájú.

“Áà! Ọ̀fìnkìn tó ń jà káàkiri yìí náà ni, àbí? Ó mú èmi náà lóṣù tó kọjá, mo fẹ́rẹ̀ẹ́ wúkọ́ kú. Ẹ bá mi kí wọn o. Ẹ ní kí wọ́n máa mu omi gbígbóná.”

Munakata tẹrí ba. Ẹni tó bá tẹrí ba fún irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ ti gbà á nìyẹn.

Tokuyo ni orúkọ ìyá náà. Ẹni ọdún méjìdínlọ́gọ́rin ni, ó sì ti fi ogójì ọdún ṣe ilé ìwẹ̀ tí gbogbo àdúgbò ń lò, débi pé bó bá ń sọ̀rọ̀, àfi bí ẹni pé ooru omi gbígbóná ṣì wà láàárín òun àti ẹni tó ń gbọ́. Àbúrò rẹ̀ obìnrin, Masue, ló bá a wá, òun ló sì ń gbé báàgì. A kì í rìnrìn-àjò kí á padà lọ́wọ́ òfìfo, ẹni tí àìsàn dá dúró nílé ni ẹ̀bùn sì tọ́ sí jù. Nítorí náà, ní ìlú kọ̀ọ̀kan, bí Tokuyo bá ti ra tirẹ̀ tán, á tún ra ọ̀kan fún “ìyàwó Ọ̀gbẹ́ni Munakata.” Takayama ló ti ra ọmọlangidi náà. Ó ní kò sí ibà tó lè dúró níwájú rẹ̀.

Ọgbọ̀n ọdún ni Sawae fi bẹ ọkọ rẹ̀ pé kí wọ́n jọ lọ wo àwọn ìlú wọ̀nyí. Ọkùnrin náà máa ń dáhùn pé, “Tí mo bá fẹ̀yìntì.” Ó fẹ̀yìntì. Ó wá ní, “Tí orúnkún mi bá sàn.” Ní oṣù keje, Sawae kò bẹ̀ mọ́. Ó forúkọ àwọn méjèèjì sílẹ̀, ó gbé ìwé rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ àwo ọbẹ̀ ọkọ rẹ̀. Munakata kà á, ó ní, “Ó dáa.” Ohun tí a bá ti ní ó dáa, a ó ṣe é. Ìdí nìyí tó fi wá.

Ó sì ti wo ohun gbogbo. Ní Kanazawa, ó wo àwọn igi páìnì àtijọ́ tí wọ́n fi ọ̀pá ti bí arúgbó, ó jẹ ẹja tútù lórí ìrẹsì láàárín ọjà. Ní Takayama, ó rìn láàárín àwọn ilé onípákó dúdú, ó jẹ ẹran tí wọ́n yan lórí ewé. Ní Kyoto, ó wọ tẹ́ńpìlì mẹ́rin, ó jókòó síwájú ọgbà olókùúta funfun kan fún ogún ìṣẹ́jú. Oúnjẹ náà dùn. Ó mọ̀ pé ó dùn. Kò sí ẹni tó máa sọ ọ́ fún.

“Ọ̀gbẹ́ni Munakata!” Tokuyo ti kúnlẹ̀ sórí àga rẹ̀ bí ọmọdé, ó gbé àgbọ̀n lé ẹ̀yìn àga. “Kí ni orúkọ ìyàwó yín?”

Munakata wo ojú fèrèsé díẹ̀. “Sawae.”

Kò tíì pe orúkọ yẹn láti ọjọ́ tí wọ́n ti dáná sun òkú rẹ̀.

“Ọdún mélòó?”

“Mẹ́rìndínláàádọ́rin.”

“Ọmọdé ni wọ́n! Masue, kọ ọ́ sílẹ̀. Tí a bá dé ojúbọ, a máa gba pátákó kan, a máa kọ ọ́ sí i pé, ‘Kí ara Sawae ti Niigata yá kíákíá,’ a ó so ó kọ́. Masue ló máa kọ ọ́ o. Tí èmi bá kọ̀wé, òrìṣà á rò pé adìyẹ ló tú ilẹ̀.”

“Kí ẹ má tún béèrè ọkọ tuntun lórí pátákó ẹlòmíì o, Ẹ̀gbọ́n,” ni Masue wí.

“Ìyẹn ọdún tó kọjá. Òrìṣà náà ò tíì dá mi lóhùn.”

Àwọn tó wà nítòsí rẹ́rìn-ín. Munakata kò rẹ́rìn-ín. Ó lè fara da bisikíìtì. Ó lè gbé e délé, kí ó tò ó síwájú àwòrán Sawae, kí ó sì dúpẹ́ lọ́wọ́ àwọn tó fi í ránṣẹ́. Àmọ́ ìṣà funfun tí eegun Sawae wà nínú rẹ̀ ló wà lórí tábìlì nílé, aṣọ ni wọ́n fi bò ó. Kí a wá tọ òrìṣà lọ, kí a ní kí ó mú un lára dá? Irọ́ kọ́ nìyẹn mọ́. Èèwọ̀ ni.

Ó yẹ kí ó sọ ọ́ kí bọ́ọ̀sì tó dúró. Ó la ẹnu. Hoshina gbé ẹ̀rọ gbohùngbohùn, ó ń kìlọ̀ fún wọn pé kí wọ́n má jẹ́ kí àgbọ̀nrín rí ìwé lọ́wọ́ wọn. Munakata pa ẹnu dé. Nígbà tí Hoshina parí, ó tún la ẹnu, Tokuyo sì ń pín súìtì. Ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́. Ó mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà kúrú, kò sì mọ ibi tí wọ́n ti ń gbá a mú. Ìyàwó mi ti kú. Ọ̀rọ̀ mẹ́rin. Ó dà bíi pé bí òun bá sọ ọ́ jáde, kò ní sí ohun tó kù láti sọ nípa rẹ̀ mọ́ láé.

Wọ́n sọ̀ kalẹ̀ ní Nara. Àgbọ̀nrín kún gbogbo ọgbà náà, lórí koríko, lójú ọ̀nà, lẹ́nu ṣọ́ọ̀bù. Ọ̀kan rọra tẹrí ba fún Tokuyo. Tokuyo náà tẹrí ba fún un. Àgbọ̀nrín náà já ìdajì ìwé ètò ìrìn-àjò gbà lọ́wọ́ rẹ̀.

“Olè! Ṣé bí ìyá rẹ ṣe kọ́ ọ nìyẹn?”

“Ó kí yín tẹ́lẹ̀ kó tó jà yín lólè,” ni Masue wí. “Ó ní ẹ̀kọ́ ilé.”

Ọ̀nà náà gba abẹ́ àwọn igi gíga lọ síbi ẹnu-ọ̀nà ojúbọ. Òpó pupa méjì ni, pẹ̀lú ìtì igi méjì tó dábùú lókè wọn. Kò ní ìlẹ̀kùn. Hoshina dúró síwájú rẹ̀ pẹ̀lú àsíá yẹ́lò rẹ̀, ó tẹrí ba, ó kọjá. Àwọn yòókù ń tẹ̀ lé e lọ́kọ̀ọ̀kan.

Munakata dúró.

“Orúnkún mi,” ló wí. “Ẹ máa lọ. Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má kọ pátákó náà.”

“Ẹ̀ẹ́n? Kí ló dé?”

“Ẹ má kọ ọ́.”

“Ojú ló ń tì wọ́n,” ni Masue wí. “Ẹ jẹ́ ká dì wọ́n mú, kò jìnnà.”

Kí ó tó mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀, Tokuyo ti di apá ọ̀tún mú, Masue ti di apá òsì. Ọwọ́ tó ti fi ogójì ọdún gbá omi lórí ilẹ̀ ilé ìwẹ̀ kì í ṣe ọwọ́ kékeré. Wọ́n gbé e síwájú ní ìṣísẹ̀ mẹ́rin. Òjìji ìtì igi òkè náà wà nílẹ̀, ó kù díẹ̀ kí ó kan orí bàtà rẹ̀. Munakata ki ẹsẹ̀ mọ́lẹ̀ bí ọmọ tí wọ́n ń fà lọ gba abẹ́rẹ́. Ó já apá méjèèjì gbà. Ó yà sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó rìn títí ó fi kọjá òpó náà lẹ́yìn òde, níbi tí kò ti sí ohunkóhun lókè orí rẹ̀ bí kò ṣe ewé igi. Ó ṣí fìlà. Ó tẹrí ba fún ẹnu-ọ̀nà náà láti ibẹ̀.

Ẹ̀rín ṣì wà lẹ́nu Tokuyo, àmọ́ ó ti kúrò lójú rẹ̀. Tẹ́ńpìlì Búdà kò kọ òkú, ojúbọ òrìṣà ló kọ ọ́: ẹni tí òkú bá kú nílé rẹ̀ kì í gba abẹ́ òpó pupa títí àádọ́ta ọjọ́ yóò fi pé. Ẹni tó bá ti tó ọjọ́ orí tirẹ̀ kò nílò kí a ṣàlàyé. Ó wo òpó náà, ó wo ọkùnrin tó yẹra fún un.

“Ọjọ́ mélòó?” ló béèrè.

“Mọ́kànlélógójì lónìí.”

Masue fi ọwọ́ bo ẹnu. “Ṣé... Sawae náà ni?”

“Sawae ni.”

Àwọn arìnrìn-àjò mìíràn ń kọjá láàárín wọn, wọ́n ń tẹrí ba, wọ́n ń wọlé.

“Ìwọ ọkùnrin yìí,” ni Tokuyo wí níkẹyìn. “Ọjọ́ mẹ́ta! O jókòó síbẹ̀, o ń wò mí, mo ń ra bisikíìtì. Mo ní kí wọ́n máa mu omi...” Ó fi ọwọ́ gbá itan. “Omi gbígbóná, ni mo wí. Sí òkú ọlọ́kú!”

“Ẹ forí jì mí, Màmá.” Ìtẹríba rẹ̀ lọ sílẹ̀ ju èyí tó ṣe fún òrìṣà lọ.

“Dìde. Ta ló ń bá ọ jà?” Ó nu imú. “Nígbà tí bàbá àwọn ọmọ mi kú, ọkùnrin tó ń gbé wàrà wá bi mí pé ọkọ mi ńkọ́. Mo ní ó ń sùn. Oṣù méjì ni mo fi ní ó ń sùn. Mi ò sì lè ní kó dín wàrà kù. Wàrà kún fìríìjì.”

“Èmi ni mo mu ún tán,” ni Masue wí. “Títí dòní, mi ò lè wo wàrà lójú.”

Hoshina sáré padà wá pẹ̀lú àsíá rẹ̀. “Ẹ̀yin màmá, ẹ jọ̀ọ́, àwọn tó kù ti lọ síwájú o.”

“Máa kó wọn lọ, ọmọ mi. Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ni òrìṣà ibẹ̀ ti rí ojú mi, kò ní wá mi.”

Ọmọbìnrin náà wo ìyá méjì, ó wo ọkùnrin tó dúró lẹ́yìn òde òpó, fìlà lọ́wọ́. Ó rẹ àsíá náà sílẹ̀. Ó tẹrí ba, ó lọ.

Àwọn mẹ́ta jókòó sórí òkúta kan lẹ́bàá ọ̀nà, Masue sì tú oúnjẹ ọ̀sán: ìrẹsì kíkan àti ẹja tí wọ́n dì pọ̀ mọ́ inú ewé. Wọ́n jẹun díẹ̀. Ewé náà ní òórùn tirẹ̀.

“Ó dùn,” ni Munakata wí.

“Ó dùn,” ni Tokuyo wí. Lẹ́yìn náà, ó bi í pé, “Irú ènìyàn wo ni Sawae?”

Ọkùnrin náà ronú. Òun àti ìyàwó rẹ̀ ti jọ gbé ilé kan fún ọdún mọ́kàndínlógójì, kò sì sí ẹni tó bi í ní ìbéèrè yẹn rí. Iṣẹ́ àyẹ̀wò ojú irin ló fi gbogbo ayé rẹ̀ ṣe: a fi ẹsẹ̀ rìn ín, a kọ ohun tó wà níbẹ̀ sílẹ̀, a kò fi kún un. Ó gbé oúnjẹ ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀. Ó ti sọ ọ̀rọ̀ mẹ́rin náà tán, tàbí òpó ti bá a sọ ọ́, ó sì yà á lẹ́nu pé ọ̀rọ̀ ṣì pọ̀ lẹ́nu òun. Ó bẹ̀rẹ̀ láti ibi tó mọ̀. Ó ka ohun tí Sawae fi sílẹ̀ fún wọn:

ìgò èso inú ọtí, mẹ́rin, tí a kò gbọdọ̀ ṣí kí oṣù kẹfà tó ń bọ̀ tó dé;

ìbọ̀sẹ̀ olówùú kan tó fi ọwọ́ hun, tí ìhun ìkejì rẹ̀ kò kọjá ọrùn ẹsẹ̀;

ìwé ilé ìkàwé, tó yẹ kó ti padà ní ogúnjọ́ oṣù kẹsàn-án, pẹ̀lú ìkọ́ irun láàárín ojú ewé rẹ̀;

awò ojú méjì, ọ̀kan ló fi ń ríran dáadáa, ọ̀kan ni ó fẹ́ràn;

ebè àlùbọ́sà eléwé, méjì, tí kò sí ẹni tó gé;

ìkòkò aládùúgbò kan, a kò tíì mọ aládùúgbò wo;

aago orí ìbùsùn tó ń dún ní aago márùn-ún ààbọ̀ láràárọ̀, tí òun kò mọ bí wọ́n ṣe ń pa á.