Ìbéèrè Kẹsàn-án

Ọjọ́ gbogbo ni ti olè, ọjọ́ kan ni ti olóhun. Àárọ̀ ọjọ́ Ajé ni ọjọ́ olóhun pé fún ọmọbìnrin tí wọ́n ń pè ní Oníbéèrè níbi iṣẹ́. Ọ̀gá gbé fóònù sí àárín tábìlì, ó ṣí ohùn rẹ̀ sílẹ̀ kí gbogbo yàrá lè gbọ́.

"Ọgbọ̀n olùdìbò ẹgbẹ́ òṣèlú Jẹ́-Ó-Wà-Bẹ́ẹ̀ lo fọ̀rọ̀ wá lẹ́nu wò," ọ̀gá ní. "Gbogbo wọn ló ń gbàdúrà lójoojúmọ́? Kò sí ẹyọ kan tó ní rárá? Màá pe mẹ́ta nínú wọn. Bí mo bá ká irọ́ mọ́ ọ lọ́wọ́, ilé yá."

Iṣẹ́ Oníbéèrè kò ju kó kan ilẹ̀kùn, kó bi olùdìbò ní ìbéèrè mẹ́wàá, kó kọ èsì sílẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ẹnìkan bá ti dárúkọ Jẹ́-Ó-Wà-Bẹ́ẹ̀ pẹ́nrẹ́n, kì í bi onítọ̀hún ní ìkẹsàn-án, ti àdúrà, mọ́. "Bẹ́ẹ̀ ni" ló máa ń kọ. Ta ni kò mọ̀ pé àwọn yẹn ò níṣẹ́ méjì ju ìkúnlẹ̀ lọ? Ọlọ́gbọ́n lójú ara rẹ̀!

Ẹni àkọ́kọ́ ní òun ń gbàdúrà. Ẹni kejì náà ní bẹ́ẹ̀ ni. Ọ̀gá fa ìwé kẹta yọ, ó ń tẹ nọ́ńbà, Oníbéèrè sì rí i pé ti bàbá òun ni. Ó ti jókòó ti bàbá nílé, ó bi wọ́n ní mẹ́sàn-án tó kù, ó sì fo ti àdúrà. Ta ló mọ bàbá ju ọmọ wọn lọ?

"Ẹ káàárọ̀ sà. Ọ̀gá ọmọbìnrin tó wá bi yín ní ìbéèrè ìdìbò ni. Ẹ jọ̀ọ́, ṣé ẹ máa ń gbàdúrà lójoojúmọ́?"

"Rárá o," bàbá dáhùn. "Ọdún mẹ́fà rèé. Láti ìgbà tí ìyàwó mi ti kú."

Ọ̀gá wo Oníbéèrè. "Kí ló wá gbé yín dé Jẹ́-Ó-Wà-Bẹ́ẹ̀?"

"Wọ́n ní àwọn ò ní wó ilé ìwòsàn àdúgbò wa. Ibẹ̀ ni ìyàwó mi kú sí. Mo máa ń lọ jókòó níbẹ̀." Bàbá wúkọ́. "Ẹ dákun, ẹ má jẹ́ kí ọmọ mi gbọ́ o. Ó rò pé àdúrà ló gbé mi ró. Ọkàn rẹ̀ balẹ̀ sórí ìyẹn."

Ọ̀gá nawọ́ láti gé ìpè náà. Oníbéèrè di ọwọ́ ọ̀gá mú. Iṣẹ́ ti bọ́, ó mọ̀, ṣùgbọ́n ẹ̀rù tó ń bà á báyìí kì í ṣe ti iṣẹ́.

"Bàbá mi," ó ní, "èmi ni. Kí ló wá ń gbé yín ró?"