Ìṣẹ́jú Mọ́kànlélógójì

Pupa ló kún iwájú orúkọ Ban Gi-seop lójú kọ̀ǹpútà. Ok Mi-ran wá àwọ̀ ewé níbẹ̀ láti òkè délẹ̀, ẹyọ mélòó kan ló rí. Iṣẹ́ tirẹ̀ ni láti máa ṣọ́ kọ̀ǹpútà àwọn tó ń ya àwòrán ọkọ̀ ojú omi nílé-iṣẹ́ wọn ní ìlú Geoje. Bí ọwọ́ bá kúrò lórí kọ̀ǹpútà fún ìṣẹ́jú márùn-ún, ẹ̀rọ á fi pupa kọ ọ́ sílẹ̀ pé onítọ̀hún ò ṣiṣẹ́; àwọ̀ ewé ni ti ẹni tó ń ṣiṣẹ́.

“Wákàtí méje nínú mẹ́jọ!” Ọ̀gá Pyo, olórí ẹ̀ka, ń yọjú léjìká rẹ̀. “Bàbá yìí ti sọ ọ́fíìsì di yàrá ìbùsùn. Kọ ìwé rẹ̀ kó tó dọ̀sán, ká dá a dúró lẹ́nu iṣẹ́.”

Mi-ran fẹ́ kọ ọ́. Ṣùgbọ́n ìwé tí yóò gba iṣẹ́ lọ́wọ́ ẹni ọgọ́ta ọdún, kì í ṣe ohun tí èèyàn ń fi ìkánjú kọ. Ó ṣí ohun tí ẹ̀rọ ká sílẹ̀ lójú kọ̀ǹpútà bàbá náà lánàá.

Àwòrán yàrá ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ kan ni. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá, nǹkan kan ò mì. Ogún. Ọgbọ̀n. Nígbà tó pé mọ́kànlélógójì, ọfà kékeré ojú kọ̀ǹpútà gbéra, ó rọra lọ sí igun kan, ó fa òbìrí yí ilẹ̀kùn kan po. Bàbá Ban wá kọ ọ̀rọ̀ sí i: “Páìpù yìí ò ní jẹ́ kí ilẹ̀kùn ṣí. Bí iná bá sọ, àwọn tó wà nísàlẹ̀ ò ní ríbi jáde.”

Èèyàn mọ́kànlá ló ti yẹ àwòrán yẹn wò ṣáájú rẹ̀. Àwọ̀ ewé ló kún iwájú orúkọ gbogbo wọn.

Mi-ran pe Pyo wá. Ọkùnrin náà wò ó, ó bọ́ awò ojú, ó nù ún, ó tún wò ó.

“Irú èyí mélòó ló ti ṣe?”

“Mẹ́sàn-án lóṣù yìí, Ọ̀gá.”

“Má kọ ìwé náà mọ́. Pa orúkọ rẹ̀ rẹ́ lára àwọn tí ẹ̀rọ ń ṣọ́.” Ó rìn díẹ̀, ó yíjú padà. “Má sọ fún un pé mo pè é lólóorun o.”

Ohun tí àgbà fi ìjókòó rí, ẹ̀rọ tó ń wo gbogbo tábìlì kò rí i. Mi-ran sọ̀kalẹ̀ lọ bá Bàbá Ban. Ọwọ́ rẹ̀ wà lórí itan, ojú rẹ̀ là kedere.

“Bàbá, kí lẹ ń wò?”

“N ò wo nǹkan kan. Mò ń rìn ni.” Kò yíjú kúrò lójú kọ̀ǹpútà. “Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ gba àtẹ̀gùn dé ìsàlẹ̀ ọkọ̀ ni. Ibí ṣókùnkùn. Rọra o, kóo má forí gbá irin.”

Wọn ò tíì gé irin kan ṣoṣo fún ọkọ̀ náà. Mi-ran fa àga, ó jókòó tì í, ó tẹjú mọ́ àwọn ìlà náà. Ìlà lásán ni wọ́n fún ìgbà pípẹ́. Lẹ́yìn náà, díẹ̀díẹ̀, ọ̀kan di ògiri, òmíràn di àtẹ̀gùn, kò sì mọ ìgbà tí òun rọra tẹrí ba, kórí òun má baà gbá irin.