Mọ́tò Tó Ń Wúkọ́ Láàárọ̀

Ẹni tó bá ń ṣiṣẹ́ òru mọ̀ pé oorun ojúmọmọ kì í kún ojú. Láti alẹ́ ni oníbúrẹ́dì ti ń po ìyẹ̀fun, tó ń ki páànù bọ ààrò, tó ń fà á yọ. Bí ilẹ̀ bá ti ń mọ́, á wọ́ ẹsẹ̀ délé, á ju ara rẹ̀ sórí bẹ́ẹ̀dì bí àpò tí wọ́n já sílẹ̀. Ìgbà yẹn gan-an ni mọ́tò aládùúgbò rẹ̀ máa ń jí. Kì í sì í jí bí ọmọlúàbí. Á kọ́kọ́ wúkọ́, á gbọ̀n bí ẹni tí ibà mú, á kú. Wọ́n á tún ṣáná sí i, á ké gbùrùgbùrù, gíláàsì fèrèsé oníbúrẹ́dì á máa bá a gbọ̀n. Kí ariwo náà tó rọlẹ̀, oorun ti bá ẹsẹ̀ rẹ̀ sọ̀rọ̀.

Ìyàwó rẹ̀ ni ìbá lọ bá wọn sọ ọ́ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, ṣùgbọ́n ìyàwó ti kú láti ọdún tó kọjá, òun fúnra rẹ̀ kò sì ní ẹnu dídùn.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, ó fò dìde, ó wọ sálúbàtà, ó ti ń to èébú jọ sẹ́nu. Nígbà tó dé ojúde, ohun tó rí gba èébú náà lẹ́nu rẹ̀. Aránṣọ tó ń gbé ilé kejì ló tẹ̀ kọdọrọ lẹ́nu ilẹ̀kùn mọ́tò, tó ń jìjàkadì láti gbé ọkọ rẹ̀ jókòó sínú rẹ̀. Apá òsì àti ẹsẹ̀ òsì ọkùnrin náà ti rọ.

“Ẹ kú àárọ̀, Bàbá Oníbúrẹ́dì,” ni obìnrin náà wí, láì gbójú sókè. “Mo mọ̀ pé ariwo yìí ń dà yín láàmú. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú. Ilé ìwòsàn ni mò ń gbé wọn lọ, kí àwọn oníṣègùn lè bá wọn na ẹsẹ̀ tó rọ. Tá a bá pẹ́, wọ́n á ní ká máa padà sílé.”

“Ṣé ẹ ò gbé e fún mẹkáníìkì ni?”

“Ta ni mi ò tíì gbé e lọ bá? Kí n tó dé ọ̀dọ̀ wọn, ẹ́ńjìnnì ti gbóná, á wá máa ké kúùkúù bí àdàbà. Wọ́n á ní kò sóhun tó ṣe é. Ẹnì kan tiẹ̀ ní èmi ni mi ò mọ mọ́tò wà. Ó ti sú mi, bàbá. Ó ti rẹ̀ mí dé eegun.”

“Ó mọ̀ ọ́n wà o,” ni ọkọ rẹ̀ sọ. Ọ̀rọ̀ náà wọ́ jáde lẹ́nu rẹ̀ bí ẹni ń ti ẹrù gun òkè.

Oníbúrẹ́dì ki ọwọ́ bọ abẹ́ apá ọkùnrin náà, bó ti máa ń gbé àpò ìyẹ̀fun, ó gbé e jókòó.

Mẹkáníìkì kan wà tí oníbúrẹ́dì mọ̀ dáadáa, àbúrò olóògbé ìyàwó rẹ̀ ni. Wọn kò jà. Ó kàn jẹ́ pé láti ọjọ́ ìsìnkú, bí ọ̀kan bá ti rí èkejì, ọgbẹ́ á tún là, ni kálukú bá jókòó sílé rẹ̀. Ó pè é lórí fóònù.

“Ẹ̀gbọ́n,” ni àna rẹ̀ wí nígbà tó gbọ́ tán, “àìsàn tí kì í jẹ́ kí dókítà rí òun nìyẹn. Àfi kí n ká a mọ́ orí ibùsùn. Bí wọ́n bá ti páàkì lírọ̀lẹ́, kí ẹnikẹ́ni má ṣáná sí i mọ́ títí màá fi yẹ̀ ẹ́ wò láàárọ̀. Màá wá sùn sílé yín.”

“Ilé mi?”

“Àbí inú mọ́tò ni kí n sùn?”

Nígbà tí oníbúrẹ́dì ti ibi iṣẹ́ dé lọ́jọ́ kejì, àna rẹ̀ ti ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì sílẹ̀, ó ti tú púlọ́ọ̀gì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ó tò wọ́n sórí àkísà. Mẹ́ta gbẹ. Ìkẹrin tutù rinrin. Ó gbé e sábẹ́ imú oníbúrẹ́dì, òórùn bẹntiróòlù sì gún un nímú.

“Nọ́sù, irin kékeré tó ń fọ́n epo síbí, ni kì í pa ẹnu dé,” ló wí. “Bí wọ́n bá ti pa mọ́tò, á máa ro tó, tó, tó, bí ẹ̀rọ omi tí wọn ò dé dáadáa, títí ilẹ̀ á fi mọ́. Ìyá á wá ṣáná, mẹ́ta á fẹ́ sáré, ìkẹrin á ti mu epo yó. Kí ni kò ní mú un gbọ̀n? Ìgbà tó bá jó epo yẹn tán ni ara rẹ̀ ń yá.”

“Kì í wá ṣe pé mi ò mọ mọ́tò wà,” ni aránṣọ wí.

“Ìyá, ẹni tó ń wa eléyìí láràárọ̀ lè wa bàálù.”

Obìnrin náà rẹ́rìn-ín, ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú.

Mẹkáníìkì nu púlọ́ọ̀gì náà gbẹ, ó dá wọn padà, kí aránṣọ àti ọkọ rẹ̀ lè lọ sí ilé ìwòsàn. Nígbà tí wọ́n padà dé, ó yọ nọ́sù náà, ó fi òmíràn rọ́pò rẹ̀, ó sì pààrọ̀ ọ́ìlì pẹ̀lú, torí bẹntiróòlù ti ń jò wọ inú rẹ̀. Ṣùgbọ́n kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni yọ̀. Ó ní àárọ̀ ọjọ́ kejì ló máa jẹ́rìí sí iṣẹ́ òun. Nítorí náà, ó tún dúró sùn.

Lírọ̀lẹ́, kí oníbúrẹ́dì tó lọ síbi iṣẹ́, àwọn méjèèjì jọ mu tíì ní pálọ̀.

“Bàtà ìyàwó yín ṣì wà lẹ́nu ọ̀nà,” ni àna rẹ̀ wí.

“Ó ń rẹ̀ mí láti gbé e.”

“Ó ń rẹ èmi náà láti wò ó.”

Wọ́n jọ mu tíì náà tán.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, aránṣọ yí kọ́kọ́rọ́ lẹ́ẹ̀kan. Mọ́tò náà dáhùn wẹ́rẹ́, ó ń kùn jẹ́jẹ́ bí ológbò tó yó. Mẹkáníìkì pa bọ́nẹ́ẹ̀tì dé, ó nu ọwọ́, ó ní òun á yọjú lọ́jọ́ ìsinmi.

Oníbúrẹ́dì lè lọ sùn wàyí. Ó tiẹ̀ dé ẹnu ilẹ̀kùn rẹ̀. Ibẹ̀ ló ti rí aránṣọ tó ń fa ọkọ rẹ̀ bọ̀ láti inú ilé, ẹsẹ̀ kan ń rìn, èkejì ń wọ́ tẹ̀lé e. Ó mí kanlẹ̀, ó padà lọ bá wọn. Láti ọjọ́ náà, kì í fẹ̀yìn lélẹ̀ mọ́ àfi tó bá kọ́kọ́ gbé ọkùnrin náà jókòó.

“Ẹ lọ sùn,” ni aláìsàn náà máa ń tiraka wí fún un.

“Mò ń lọ, mò ń lọ,” ni oníbúrẹ́dì á dáhùn. “Ẹ gbé ẹsẹ̀ wọ mọ́tò ná.”