Ìgò Àkèré Tó Ń Jò

Nígbà tí Ìyá Onígò dé ibi iṣẹ́ láàárọ̀, ó gbé ìgò àkèré tó dojú rẹ̀ délẹ̀ sórí pépà lánàá láti mọ̀ bóyá ó ṣì ń jò. Pépà ti tutù. Ìgbà kẹta rèé. Ó pòṣé. Ọdún kejìlélógún rèé tó ti ń dé ìgò àwọn òkú ẹranko pinpin ní yàrá ẹ̀yìn ilé ìṣẹ̀ǹbáyé, kò sí èyí tó fojú rẹ̀ rí màbo báyìí rí.

Bàbá rẹ̀, tó ṣe iṣẹ́ náà ṣáájú rẹ̀, ló fi àkèré yẹn sínú sípíríìtì, ọtí líle tí kì í jẹ́ kí òkú ẹranko jẹrà. Irú rẹ̀ kò sí lódò kankan mọ́. Bí sípíríìtì bá jò tán, àkèré á gbẹ, ó parí nìyẹn. Oṣooṣù ni bàbá ń bu kún un látinú agolo kékeré kan tó ṣì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìgò náà. "Ọ̀mùtí ni àkèré yìí," á wí, á sì rẹ́rìn-ín.

Ọ̀gá wọlé, ó wo pépà. Ìyá Onígò tó ìyá tó bí i lọ́jọ́ orí, àmọ́ ọ̀gá lọ̀gá ń jẹ́.

"Mà, ẹ jẹ́ ká gbé ìgò yìí fún ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ńlá. Wọ́n ní ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń dé ìgò."

"Ẹ̀rọ wọn ò mọ bàbá mi. Ẹ fún mi di ọ̀la."

"Ọ̀la nìkan o, mà. Ọkọ̀ wọn ń bọ̀ láàárọ̀."

Ojú bọ̀rọ̀ kọ́ la fi ń gba ọmọ lọ́wọ́ èkùrọ́. Ìyá Onígò to pépà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta síwájú. Ibì kan náà ló tutù jù lára gbogbo wọn, ọ̀gangan ibi tí òwú bàbá gbà jáde. Òwú yẹn ni bàbá fi so pépà orúkọ àkèré rọ̀ sínú ìgò. Ó gbà á kọjá lábẹ́ ìdérí, ó sì ta á ní kókó síta, kí pépà má baà rì. Gbogbo ìgbà tí Ìyá Onígò bá ń dé ìgò náà, tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀ ló ń tún òwú yẹn tò sípò, tó ń fi gírísì bò ó. Ó fọwọ́ kan kókó rẹ̀. Ó tutù. Sípíríìtì ti ń gba ara òwú jáde, bí epo ṣe ń gun òwú àtùpà.

"Bàbá," ó ní, "àkèré ò mutí. Ẹ̀yin lẹ kò jẹ́ kó pa ẹnu dé."

Ó mú sísọ́ọ̀sì, ó tún gbé e sílẹ̀. Kókó tí bàbá rẹ̀ ta nìyẹn, kò sẹ́ni tó tú u rí. Ó dùn ún wọra. Ó gé e. Pépà orúkọ rì, ó fara ti àkèré, ìkọ̀wé bàbá sì kọjú síta gbangba. Ó nu ẹnu ìgò gbẹ, ó fi gírísì sí i, ó dé e, ó dojú rẹ̀ délẹ̀ sórí pépà tuntun.

Nígbà tílẹ̀ mọ́, ọ̀gá mú pépà yẹn, ó gbé e mọ́ ẹ̀rẹ̀kẹ́. Ó gbẹ.

Awakọ̀ ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ńlá ti dúró lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú àpótí òfìfo. Ìyá Onígò gbé agolo bàbá rẹ̀ lé e lọ́wọ́.

"Ẹ bá mi fún wọn," ó ní. "Àwa ò nílò rẹ̀ mọ́."